Kànga Ló Bọ́ Mi, Kànga Ló Gba Ọmọ Mi

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni mo ṣe, láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí di ìgbà tí orúnkún mi kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí èmi fúnra mi tó kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tèmi. N kò ní fi oyin sí i. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tí yóò sọ pé gbogbo rẹ̀ dára, pé Ọlọ́run ṣe é, ó parí, ni ẹ ń wá, ẹ kọjá sí ilé kejì. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba àánú tí mo pàdé lójú ọ̀nà. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí n kò bá mẹ́nu bà á, irọ́ ni mo pa fún yín.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni bàbá mi ń gbìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò wa máa ń gbẹ di ẹrẹ̀, àwọn ìyá wa á sì jókòó ti ihò kékeré létí odò, wọn á máa fi igbá gbọ́n omi pupa díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bu oògùn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Bàbá Yẹkínì wá láti Ìrókò láti gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí wa, n kò lè kúrò níbẹ̀. Mo rí ọkùnrin tó wọ inú ilẹ̀ gbígbẹ lọ tó sì jáde pẹ̀lú omi. Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìrókò, mo tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń fún mi, ẹ jẹ́ ká fò ó. Iṣẹ́ kànga kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó, kò sì jẹ́ kí ebi pa wá kú.

Èèyàn kúkúrú ni Bàbá Yẹkínì, èjìká wọn fẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wọn le bí ẹ̀yìn ahun. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan dígà. Okùn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Wọ́n ní ẹni tó bá di okùn mú lẹ́nu kànga kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí ihò.

Wọ́n ní, “Làmídì, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́. Bó bá pè ọ́, dá a lóhùn. Bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ fún ọ lọ́wọ́ pé ilé bàbá rẹ ń jóná, kọ́kọ́ dá a lóhùn ná.”

Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú kànga, wọn á so àtùpà mọ́ okùn, wọn á rọra sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú iná lára rẹ̀. Bí iná bá kú, kò sẹ́ni tí yóò wọlé. A ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi tó léwé dáadáa, a ó so ó mọ́ okùn, a ó máa gbé e sókè sódò nínú kànga láti lé atẹ́gùn burúkú jáde. Nígbà mìíràn oòrùn á ti ga kí wọ́n tó gbà pé ó tó. Onílé á máa kùn pé a ń fi àkókò òun ṣòfò. Bàbá Yẹkínì á jókòó sábẹ́ igi, wọn á máa jẹ orógbó, wọn á sì máa wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ń ké.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ inú kànga, ẹ̀yìnkùlé oníṣu kan ní Ìrókò la wà. Ihò ẹsẹ̀ tí a gbẹ́ sí ara ògiri kànga ni mo tẹ̀ títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú ọ̀run kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ. Mo pe ọ̀gá mi. Wọn kò dáhùn. Mo tún pè, mo gbé ohùn mi sókè, ohùn náà sì padà bọ̀ wá bá mi láti ara ògiri. Mo fẹsẹ̀ wá ihò tí mo fi sọ̀ kalẹ̀, n kò rí i tẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, n kò fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ni orí wọn yọ lókè.

Wọ́n ní, “Ṣé o ti gbọ́ ọ?”

Mo ní, “Kí ni, Bàbá?”

“Bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí èèyàn bá pè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Níwọ̀n ìgbà tí o ti gbọ́ ọ, o kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ.”

Adánilóró fi agbára kọ́ni. Mo kórìíra wọn lọ́jọ́ náà. Títí di òní, n kò tíì pàdé olùkọ́ tó tó wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má baà rò pé òkùnkùn nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ní ìpele. Pupa ló ń ṣáájú, yangí á tẹ̀ lé e, yóò wá funfun, yóò sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ibẹ̀ ni ara ilẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Bàbá Yẹkínì á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọn á ní “Alihamudulilahi” ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀ tó pàdé lọ́nà oko. Wọn á fi ọwọ́ bu díẹ̀, wọn á mu ún. Mo bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kì í ṣe ẹrẹ̀ ni wọ́n ń mu. Wọ́n ní, “Àánú Ọlọ́run kì í mọ́ gaara lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Jẹ́ kó tòrò ná.” Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà. Mo rẹ́rìn-ín.

Mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo padà sí Ìyànà Ọ̀fà, mo fẹ́ Àṣàbí. Ìgbà náà ni àwọn ará ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ káàkiri Lágelú àti Ẹ̀gbẹ́dá, Olódò sì ń gbòòrò. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ló ń wá kànga, nítorí omi la fi ń po bíríkì. Mo gbẹ́ kànga tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Mo bá àpáta pàdé ní Ẹ̀gbẹ́dá, a dáná lé e lórí títí ó fi pọ́n, a da omi tútù sí i, ó sì sán wẹ́wẹ́. Mo gbẹ́ ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé tèmi náà.

Irinṣẹ́ ń yí padà lọ́wọ́ wa. Okùn ọ̀rá dé, a sọ okùn ọ̀pẹ nù. Ríìngì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe dé, kànga kò sì wó mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi dé, èyí tó ń mu bẹtiróòlù. Ibi tí a ó ti fi garawa gbọ́n omi láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ẹ̀rọ náà á gbé e mì kí o tó fọ ojú rẹ tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Àwọn ọmọ tí Àṣàbí kọ́kọ́ bí kò dúró. Ganíyù ló dúró. Ó ka ìwé mẹ́wàá, ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Èmi kọ́ ló fà á wọ iṣẹ́ kànga, orúnkún mi ló fà á. Ó ní, “Bàbá, ẹ dúró lókè. Èmi á máa wọlé fún yín.” Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó parí àpárá tó ń sọ ni, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ìparí rẹ̀. Ó fẹ́ Rísíkà, ọmọ Ìrókò, wọ́n bí ọmọbìnrin kan.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí mo fẹ́ sọ yìí le. Kànga ọkùnrin kan gbẹ ní Olódò, ó sì ní ká wá gbẹ́ ẹ jìn sí i. A gbẹ́ ẹ, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun, kò pọ̀ tó èyí tí ilé lè lò, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó láti dí dígà lọ́wọ́. Onílé gbé ẹ̀rọ afami wá. A gbé e sẹ́nu kànga, ihò náà ti jìn jù, kò lè fà á. Onílé ní ká so ó sínú kànga kó lè sún mọ́ omi. Mo ní rárá. Mo ṣàlàyé fún un pé èéfín bẹtiróòlù kì í gun òkè jáde nínú kànga, ńṣe ló máa ń jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo ní garawa la ó lò. Ó gbà.

Wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Ganíyù ní, “Bàbá, ẹ lọ kírun, kí ẹ sì sinmi ẹsẹ̀ yín díẹ̀. Àwa á máa gbọ́n ọn bọ̀.” Mo lọ, mo sinmi ẹsẹ̀ ní mọ́sálásí kí a tó kírun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Onílé padà wá, ó ní garawa kò yá, ọjọ́ ń lọ. Wọ́n fi okùn so ẹ̀rọ náà sínú kànga, wọ́n tàn án, omi sì tú jáde, gbogbo èèyàn dunnú. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n fà á jáde. Ganíyù dúró díẹ̀, ó rò pé èéfín ti lọ. Wọn kò sọ àtùpà kalẹ̀. Ó wọlé.

Mo wà ní ìforíkanlẹ̀ ìkẹyìn nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí òun ni kò jẹ́ kí n gbádùn títí di òní. Iwájú orí mi wà lórí ẹní, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣàánú wa, àsìkò yẹn gan-an sì ni ọmọ mi ń kú.

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹni kejì ti wọ inú kànga. Káfíńtà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì ni, Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀. Kò mọ Ganíyù rí. Ó gbọ́ igbe pé èèyàn ti ṣubú, ó sọ òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Òun náà kò tún fọhùn mọ́. Mo tẹ̀ sẹ́nu kànga, mo pe Gàní. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ tó dá mi lóhùn. Bàbá Yẹkínì ti kọ́ mi.

Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà kan ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú. Mo gbá a mú ní bẹ́líìtì.

Ó ní, “Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀. Wọ́n ń kú lọ.”

Mo ní, “O kò ní bá wọn lọ.”

“Ọmọ yín mà ni.”

“Mo mọ̀.”

N kò fi í sílẹ̀. Ó jà, ó fi ìgúnpá gún mi láyà, n kò fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ láàárín èrò pé bàbá arúgbó yìí kò fẹ́ kí wọ́n yọ ọmọ òun. Mo pàṣẹ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka igi wá, a sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò náà, a ń da omi sí i, títí àtùpà fi débẹ̀ tí kò kú. Nígbà náà ni a tó lè wọlé gbé wọn. A tẹ́ àwọn méjèèjì sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹrẹ̀ kan náà ló wà lójú wọn. Ẹni tó bá kọjá á rò pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

A sin Ganíyù kí oòrùn tó wọ̀.

Láti ìgbà náà, n kò lè kírun mọ́. Bí iwájú orí mi bá ti kan ẹní, ariwo Olódò ló ń sọ létí mi. Lẹ́mọ̀mù wa wá, ó ní àánú Ọlọ́run gbòòrò. Mo ní bóyá ó gbòòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé Olódò. Ó wo ilẹ̀, kò sọ nǹkan kan mọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju gbogbo wáàsí rẹ̀ lọ. Rísíkà gbé ọmọ rẹ̀, ó padà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìrókò. N kò dá a lẹ́bi. Kí ni kó máa wò nílé wa? Àṣàbí kò jáde sí iwájú ilé mọ́. Omi ọlọ́ràá là ń rà mu. Kànga ẹ̀yìnkùlé wa wà níbẹ̀, a fi páànù bò ó, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ní òwúrọ̀ kan, obìnrin kan wọlé wá pẹ̀lú aṣọ funfun àwọn Kérúbù. Ó ní, “Ṣé ilé Bàbá Gàní nìyí? Èmi ni ìyá Sámúẹ́lì.”

Mo ti mọ̀ pé yóò wá. Mo ti ń retí èpè rẹ̀. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó di apá mi mú, kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Mi ò bá ìjà wá. Ọmọ mi kò mọ ọmọ yín rí, ó sì tìtorí rẹ̀ kú. Mo fẹ́ mọ ẹni tó lọ yọ. Ẹ sọ fún mi, irú èèyàn wo ni?”

Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Gbogbo ẹni tó ń wá, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí n gbàgbé. Mo sọ fún un nípa àpárá tí kì í parí. Mo sọ bí ó ṣe kórìíra ilá, bí ó ṣe máa ń bá mi fi òróró wọ́ orúnkún. Òun náà sọ pé Sámúẹ́lì, láti kékeré, bí ó bá rí ewúrẹ́ tó há sí gọ́tà, kò ní kọjá, àwọn olùkọ́ á máa nà án nítorí pé ó pẹ́ dé ilé ìwé. Nígbà tí a ṣì ń sọ̀rọ̀, Àṣàbí jáde láti yàrá, ó jókòó tì wá. Ó pẹ́ tí mo ti rí i níwájú ilé.

Omi ọlọ́ràá ti tán nílé. Àṣàbí dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbọ́ tí páànù dún. Ó gbé omi kànga wá fún àlejò. Ìyá Sámú mu ún tán, ó na ife padà, ó ní kó tún bu sí i. Ó ní, “Omi yín dùn.” Àṣàbí náà bu tirẹ̀, ó mu. Ó gbé èyí tó kù fún mi. Mo mu ún. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

Ẹ má rò pé ìbànújẹ́ mi tán lọ́jọ́ náà. Kò tán. Kò tíì dín kù tó bí mo ṣe fẹ́. Mo ti sọ dígà mi nù. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù ló ń kọjá níwájú ilé wa báyìí. Ohun tí a fi odindi ẹ̀ẹ̀rùn ṣe, wọn á ṣe é tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Kò sẹ́ni tó ń pè mí mọ́, bí wọ́n bá sì pè, n kò ní lọ. Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, màá ní kí ẹ má kọ́ ọ. Ọlọ́kadà tí mo dì mú nígbà yẹn máa ń gba ọ̀nà wa kọjá. Kì í dúró. Ó kàn máa ń tẹ fèrè, èmi náà á sì gbé ọwọ́ sókè.

Mo ti ń kírun padà báyìí, lórí àga, nítorí orúnkún. N kò béèrè nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo kàn ń ṣe é ni. Àánú ńlá tí mo bẹ̀bẹ̀ fún kò dé. Èyí tó ń dé kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ojú rẹ bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ti kọjá.

Ìyá Sámú ṣì máa ń wá láti Olódò. Ó sọ fún wa nígbà kan pé láti ìgbà tí ọmọ òun ti kú, oorun kò wá mọ́. Ó lè dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ojú rẹ̀ á là kalẹ̀ gbagada. Ní ọ̀sán kan láìpẹ́ yìí, ó wá bá Àṣàbí, Àṣàbí sì wà lẹ́yìnkùlé tó ń pa ẹ̀gúsí. Ìyá Sámú jókòó sórí àga níwájú mi láti dúró dè é. Ó ń sọ fún mi bí ọkọ̀ tó wọ̀ wá ṣe yí kiri kó tó débí, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo wò ó, ó ti sùn. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Eṣinṣin bà á lójú.

Mo mú abẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, kí eṣinṣin má baà jí i. Apá mi ro mí, mo gbé abẹ̀bẹ̀ sí ọwọ́ kejì. Wọ́n pe ìrun alááṣárì ní mọ́sálásí, n kò dìde. Bí Ọlọ́run bá bi mí léèrè ibi tí mo wà nígbà tí wọ́n pè é, mo ní èsì fún un.

Ó pẹ́ kó tó lajú. Ó wo ara rẹ̀, ó wo oòrùn tó ti yẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ẹnu.

Ó ní, “Bàbá Gàní, kí ló dé tí ẹ ò jí mi?”

Mo ní, “Ẹ ń sùn.”

Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, “Mo sùn,” bí ẹni pé ó ń sọ fún ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀.

Àṣàbí pè láti ẹ̀yìnkùlé pé kí ló ṣẹlẹ̀, pé a dákẹ́ jù.

Mo ní, “Ìyá Sámú sùn.”